Kí Ẹ Tó Fi Ilẹ̀ Lé Oníléeṣẹ́ Ẹran Lọ́wọ́

Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn Gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì

Ẹ̀yin Gómìnà wa,

Ọ̀rọ̀ ẹran ni mo bá wá. Mo mọ̀ pé ẹran wọ́n, ẹni tó bá ra ẹran ọ̀bẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kò nílò kí n ka ìyẹn sí i létí. Ìwé kan tí ìjọba àpapọ̀ tọwọ́ bọ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 ló gbé mi dìde.

Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú lọ sí ìpàdé G20 ní Rio de Janeiro ní Bràsíl. Lásìkò ìrìn àjò yẹn ni ìjọba rẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ JBS jọ fọwọ́ sí ìwé àjọsọ pé ilé-iṣẹ́ náà yóò kó bílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là wọ Nàìjíríà. Wọn yóò fi kọ́ ilé-iṣẹ́ mẹ́fà: mẹ́ta fún adìẹ, méjì fún màlúù, ọ̀kan fún ẹlẹ́dẹ̀. JBS ni ilé-iṣẹ́ ẹran tó tóbi jù lọ láyé. Ìlú Anápolis ní ìpínlẹ̀ Goiás ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1953, orúkọ bàbá tó dá a sílẹ̀, José Batista Sobrinho, sì ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn dúró fún. Bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀, JBS yóò ṣe ìwádìí, yóò ya àwòrán àwọn ilé-iṣẹ́ náà, yóò sì ṣírò iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ. Nàìjíríà ní tirẹ̀ yóò rí i pé ètò ọrọ̀-ajé, ètò ìlera àti òfin wà ní ipò tí iṣẹ́ náà fi lè dúró.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kí ẹ jọ̀wọ́ tún kà. Ipò wo? Òfin wo? Ta ni wọ́n máa tẹ́ lọ́rùn?

Ìjọba àpapọ̀ lè tọwọ́ bọ̀wé lówùúrọ̀ àti lálẹ́, ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ti fi í sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọgbà adìẹ tí ẹsẹ̀ kì í rìn já, tàbí tó ń wá oko tí yóò gbin àgbàdo àti sóyà tí àwọn adìẹ náà máa jẹ, ẹnu ọ̀nà yín ni yóò dé sí. Bí kì í bá ṣe JBS, òmíràn yóò wá, torí ojú àwọn onílé-iṣẹ́ ẹran àgbáyé ti wà lára orílẹ̀-èdè tó ní ju igba mílíọ̀nù èèyàn lọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì jẹ ẹran yó rí. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ ti ní àdéhùn tiyín lórí tábìlì kí àlejò tó kanlẹ̀kùn, kí ẹran tí wọ́n fẹ́ pa, omi tí wọ́n fẹ́ lò àti àgbẹ̀ kékeré tí wọ́n máa bá nílẹ̀ sì wà nínú àdéhùn ọ̀hún.

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé mo ń wàásù pé ká fi ẹran sílẹ̀. Mo ń jẹ ṣàkì, mo ń jẹ fùkù, bókọ́tọ̀ kì í kọjá lójú mi kí n má bi iye tó jẹ́. Mi ò sì jẹ́ wo ojú ìyá tó ń gé ẹyin kan sí méjì fún ọmọ méjì kí n ní kó dín ẹran kù. Ẹran tí ọmọ Nàìjíríà ń jẹ lọ́dún kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ Bràsíl tàbí ti ọmọ Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ wa nílò ẹyin, àwọn aboyún wa nílò ẹ̀dọ̀. Bí a ṣe máa rí i láìba ohun tó kù jẹ́ ni mo fẹ́ ká jọ sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé àlejò náà. Nígbà ìkànìyàn 2022, èèyàn tó wà ní Bràsíl lé díẹ̀ ní 203 mílíọ̀nù. Màlúù wọn ti kọjá 230 mílíọ̀nù. Níbo ni gbogbo wọn ń jẹko? Nínú gbogbo ohun tó ń run igbó Amazon, kò sí èyí tó tó pápá ìjẹko màlúù. Greenpeace, àjọ tó ń jà fún àyíká, tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí ní 2009, ariwo sì pọ̀ débi pé lọ́dún yẹn náà, JBS àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó kù fọwọ́ sí i pé àwọn ò ní ra màlúù mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gé igbó. Ìwé náà dára. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ló yẹ kí ẹ mọ̀. Wọ́n á bí màlúù sí oko tí wọ́n fi iná jó igbó dá. Nígbà tó bá dàgbà díẹ̀, wọ́n á tà á fún oko kejì tí ìwé rẹ̀ mọ́. Oko kejì á bọ́ ọ sanra, á sì tà á fún ilé-iṣẹ́. Bí ẹ bá bi ilé-iṣẹ́ léèrè, oko kejì ni wọn yóò nawọ́ sí. Ibama, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àyíká ní Bràsíl, bu owó ìtanràn lé JBS ní 2017 lórí màlúù tó wá láti ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ láìbófin mu. JBS ní àwọn ò jẹ̀bi.

Àwa náà ní igbó díẹ̀ tó kù. Erin ṣì wà nínú igbó Ọmọ ní Ògùn. Igbó Olúwa ní Oǹdó ti di kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lápá kan. Àgbàdo adìẹ kò ní hù lójú ọ̀run. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní òun fẹ́ ra àgbàdo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti lè kó o wá, ta ni yóò lọ wo oko kìíní, ibi tí ayùn ti ń dún?

Ní 2017 bákan náà ni J&F, ilé-iṣẹ́ tí àwọn ọmọ Batista fi ń darí JBS, gbà láti san bílíọ̀nù mẹ́wàá reais ó lé, torí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fún àwọn olóṣèlú Bràsíl. Ní 2020, wọ́n tún jẹ́wọ́ ní kóòtù Amẹ́ríkà lórí irú ẹ̀sùn yìí kan náà. Ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bá wí o. A mọ̀ pé ẹ̀yin kò jẹ́ gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n wá dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ adìẹ, torí mẹ́ta nínú ilé-iṣẹ́ mẹ́fà yẹn, adìẹ ni, ọ̀dọ̀ wa níbí náà sì ni iṣẹ́ ọ̀sìn adìẹ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Láti Ọ̀tà dé Abẹ́òkúta, láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, kò sí àdúgbò tí ẹ kò ti ní gbóòórùn rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá yí sí yín. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá oníṣòwò, ọmọ tó jáde yunifásítì tí kò ríṣẹ́, àwọn ló ni ẹgbẹ̀rún kan tàbí ẹgbẹ̀rún méjì adìẹ yẹn. Nígbà tí àgbàdo àti sóyà gbówó lórí ní 2023 sí 2024, púpọ̀ nínú wọn ta adìẹ tán, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ọgbà.

Bí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe ń ṣe é l'Amẹ́ríkà nìyí. Ilé-iṣẹ́ ló ni ọmọ adìẹ, òun ló ni oúnjẹ, òun ló ni oògùn, òun náà ló ń wá kó adìẹ lọ bó bá ti tó pa. Àgbẹ̀ ló ni gbèsè báǹkì tó fi kọ́ ilé adìẹ. Òun ló ni ìgbẹ́, òun ló ni òkú. Wọn kì í sì í san iye kan náà fún gbogbo àgbẹ̀: wọ́n á fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ti àwọn aládùúgbò rẹ̀, ẹni tí adìẹ tirẹ̀ bá fi díẹ̀ kéré sí ti ẹlòmíràn, owó rẹ̀ á lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló yan ọmọ adìẹ tí wọ́n já sílẹ̀ fún un. Pilgrim's Pride, ilé-iṣẹ́ adìẹ Amẹ́ríkà tí JBS ní ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, jẹ́wọ́ ní kóòtù ní 2021 pé òun bá àwọn mìíràn lẹ̀dí àpò pọ̀ lórí iye tí wọ́n ń ta adìẹ. Ìtanràn rẹ̀ lé ní 107 mílíọ̀nù dọ́là.

Láti 2003 ni Nàìjíríà ti fòfin de adìẹ yìnyín láti òkè òkun kí àwọn ẹlẹ́dìẹ wa lè rí èémí mí. Gbogbo wa la mọ̀ bí adìẹ Kútọnu ṣe ń gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé lóru, síbẹ̀ òfin náà ṣe ìwọ̀nba tó lè ṣe. Ẹnubodè ló ń ṣọ́. Kò lè ṣọ́ Ṣágámù. Bí adìẹ tó rọ̀ lówó bá ń jáde láti inú ilé wa gan-an, òfin wo ni olùkọ́ wa tó fẹ̀yìn tì yóò sá sí lábẹ́?

Adìẹ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín síbi yìí. Àwọn baba wa ni wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Bírọ́ílà tí a ń rà lóde òní, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń tó pa. Wọ́n ti yan ìran rẹ̀ débi pé ẹran àyà rẹ̀ ń yára dàgbà ju egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ; òmíràn kì í lè rìn dé ibi omi ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Nínú oòrùn oṣù kẹta níbí, ó ń mí gúlegúle látàárọ̀ ni. Adìẹ ẹlẹ́yin tó wà nínú kéèjì onírin ní tirẹ̀, ààyè tó ní kò fẹ̀ ju ojú ìwé tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà lọ. Kò lè na apá, kò lè fi ẹsẹ̀ walẹ̀, kò lè yíràá nínú iyẹ̀pẹ̀. Ẹni tó bá ti wo adìẹ ìyá àgbà rẹ̀ rí lẹ́yìnkùlé mọ̀ pé ohun mẹ́ta yìí ni adìẹ ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe.

Ilẹ̀ Yúróòpù lo irú kéèjì yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fòfin dè é, òfin náà sì múlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012. Àwọn àgbẹ̀ wọn náwó gọbọi láti tú irin tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ńṣe ni wọ́n ń polówó kéèjì yìí kan náà bí ọ̀làjú, wọ́n ń sọ fún ọ̀dọ́ tó yá owó pé láìsí i kò lè jèrè. Ó ṣe é ṣe kí ọmọ rẹ̀ san gbèsè lórí ohun tí òfin máa ní kó tú.

Ohun kan wà tí àwa ń ṣe dáadáa tí a kò mọ̀ pé a ń ṣe. Nínú ọmọ adìẹ tí wọ́n pa láti ìran ẹlẹ́yin, ìdajì jẹ́ akọ. Akọ kò ní yé, kò sì ní sanra bíi bírọ́ílà, nítorí náà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òyìnbó, ọjọ́ tó bá jáde nínú ẹyin náà ni wọ́n ń lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tàbí kí wọ́n fi gáàsì pa á. Àìmọye mílíọ̀nù ni lọ́dọọdún. Ẹnu àìpẹ́ yìí, ní 2022, ni òfin Jámánì tó fi òpin sí i múlẹ̀. Níbí, wọ́n ń tà wọ́n ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó fẹ́ sin kọ́kírẹ̀lì, ó sì ń bọ́ wọn fún oṣù mélòó kan di Kérésìmesì. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sí òfin. Ọjà ọdún ló yanjú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá dé tí bírọ́ílà rẹ̀ kún ọjà, kò ní sí ẹni tó máa ra kọ́kírẹ̀lì mọ́, ẹ̀rọ ìlọ̀ yẹn yóò sì tẹ̀lé wọn wọlé.

Òfin wa lórí ìwà ìkà sí ẹran sì nìyí. Abala 495 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti àpapọ̀ ní ẹni tó bá lu ẹran ní ìlù ìkà, tó dá a lóró, tàbí tó gbé e lọ́nà tó ń jẹ ẹ́ níyà, lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san ìtanràn àádọ́ta náírà. Àádọ́ta náírà kò ra ẹyin kan lónìí.

Ọ̀rọ̀ oògùn le ju bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ. Nínú ọgbà tí adìẹ ti há mọ́ra, àìsàn ọ̀kan ni àìsàn gbogbo wọn, nítorí náà àgbẹ̀ kì í dúró kí àìsàn dé kó tó po oògùn apakòkòrò mọ́ omi wọn. Ó lè rà á ní ṣọ́ọ̀bù láìsí ìwé dókítà kankan. Kòkòrò tí oògùn kò pa tán ń kọ́gbọ́n, ọgbọ́n náà sì ń bá ẹyin àti ìgbẹ́ jáde. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà rí àbùdá kan, mcr-1, tó ń jẹ́ kí kòkòrò yè bọ́ lọ́wọ́ colistin. Lára ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹran títà ni wọ́n ti rí i, kí wọ́n tó rí i lára aláìsàn. Colistin wà lára oògùn tí dókítà ń tọ́jú pamọ́ de ìgbà tí gbogbo oògùn tó kù bá ti kùnà. Yúróòpù ti ká a léèwọ̀ láti 2006 pé kí ẹnikẹ́ni má fi oògùn apakòkòrò mú ẹran sanra. Àìsàn adìẹ kì í sì í dúró lára adìẹ: ọdún 2006 ni àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, ní oṣù kìíní 2007 ó ti pa obìnrin kan l'Ékòó.

Ti ẹlẹ́dẹ̀, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́lẹ́dẹ̀ Òkè-Àró mọ ohun tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ fojú wọn rí ní 2020. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ bá ti pọ̀ jù lójú kan, òkú ibẹ̀ náà ló ń pọ̀ jù.

Màlúù ló kù. Tòótọ́ ni pé ọ̀nà tí a ń gbà pa màlúù nísinsìnyí kò ṣe é gbèjà. Ẹran á gbéra láti Mubi tàbí Ìllélà, wọ́n á dì í mọ́ inú tírélà, á wá dé ọjà Kárà bí ẹni tí wọ́n lù. Èyí tó bá ṣubú lọ́nà, àwọn tó kù á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní odò ẹran, wọ́n á gbé e dà sórí sìmẹ́ńtì tí ẹ̀jẹ̀ kún, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì máa wò. Ẹ̀sìn tí ọ̀pọ̀ alápatà wa ń ṣe pàṣẹ fún wọn pé kí ọ̀bẹ mú, kí wọ́n má pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran, kí wọ́n má pa ọ̀kan níṣojú èkejì. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ilé tí ìjọba kọ́ fún wọn ni kò ní ògiri tí yóò jẹ́ kó ṣe é ṣe. Ẹ bi àwọn dókítà ẹran tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pé báwo ló ṣe ń rí lára wọn bí wọ́n bá la màlúù tí ọmọ wà nínú rẹ̀. Ẹ tún bi àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fi táyà jó awọ pọ̀nmọ́ nípa èéfín tí wọ́n ń fà símú.

Ìjọba Ọ̀yọ́ gbìyànjú. Wọ́n ní kí àwọn alápatà Bódìjà kó lọ sí Amósùn ní Akínyẹlé, ibi tí wọ́n kọ́ odò ẹran ìgbàlódé sí. Ní 2018, ọ̀rọ̀ náà di ìbọn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé bí ilé bá tilẹ̀ dára, tí àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun kò bá sí níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán rẹ̀, ogun ni yóò dà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá gbọ́ bílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là.

Ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ ní òfin tó de fífi màlúù jẹ̀ káàkiri. Èkìtì ló ṣíwájú ní 2016, Ọ̀yọ́ tẹ̀lé e ní 2019, àwọn tó kù ṣe tiwọn ní 2021. Mo fara mọ́ ọn; ẹ̀jẹ̀ tó ti ta sílẹ̀ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran ní Ìbàràpá àti Òkè-Ògùn kì í ṣe ohun à ń gbàgbé. Àmọ́ òfin sọ ibi tí màlúù kò gbọ́dọ̀ dé, kò sọ ibi tó máa wà. Bẹ́ẹ̀ a ti ní ibi tí a lè bẹ̀rẹ̀ sí. Ṣáájú òmìnira ni wọ́n ti mú màlúù N'Dama wá sí Fásọlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́, torí pé eṣinṣin tó ń pa màlúù Fúlàní nínú igbó wa kì í tètè rí òun gbé ṣe. Muturu, màlúù kékeré tí kò níké tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa, ní agbára kan náà. Ẹran tó bá lè gbé inú ilẹ̀ wa láìfi oògùn gbé e ró ló yẹ kí owó yín kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ tún ra ọkọ̀ oníyìnyín, kí wọ́n máa pa ẹran ní Òkè Ọya níbi tó ti dàgbà, kí ó wá bá wa ní ẹran dípò kó wá bá wa ní òkú tó ń mí.

Ní ti adìẹ, Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, l'Abẹ́òkúta, ti fi adìẹ ìbílẹ̀ wa ṣe ìran tí wọ́n pè ní FUNAAB Alpha. Ó ń yé ju ti àtijọ́ lọ, ó ń sanra, ó sì lè jẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Nínú ìran adìẹ wa náà la ti rí èyí tí kò níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn, tó ń fara da ooru ju adìẹ òyìnbó lọ. Mélòó nínú àwọn kọmíṣọ́nnà yín ló ti lọ bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn jókòó? Ọ̀nà Rio jìn ju ọ̀nà Alábàtà lọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ kò ṣe é fò. Lónìí, ìgbẹ́ adìẹ níye lórí, àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń dúró dè é. Bí adìẹ bá di mílíọ̀nù lójú kan, kò sí ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó lè gbà á tán, odò ló máa lọ. Odò Ògùn tó ṣàn gba ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògùn kọjá ni ilé-iṣẹ́ omi Àdìyàn ti ń fa omi tí Èkó ń mu. Gómìnà kan lè rò pé òun ń fa iṣẹ́ wá sí ìpínlẹ̀ òun, kí gómìnà kejì máa ra kẹ́míkà tí yóò fi fọ omi.

Àti ti ojú ọjọ́: FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, ṣírò ní 2023 pé nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 gbogbo afẹ́fẹ́ tí ọmọ aráyé ń tú jáde tó ń mú ayé gbóná, ọ̀sìn ẹran ló ti ń wá. Màlúù ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí gáàsì methane tó ń tú jáde lẹ́nu bó ṣe ń jẹ àpọ̀jẹ. JBS ti ṣèlérí pé tí yóò bá fi di 2040, àwọn kò ní máa fi kún afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná yẹn mọ́. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí ìlérí yìí ní 2024, ó ní wọ́n ń fi tan oníbàárà jẹ ni.

Ní oṣù keje 2024 ni Ààrẹ kéde ilé-iṣẹ́ ìjọba tuntun fún ọ̀sìn ẹran. Ẹ̀wà kò ní ilé-iṣẹ́ ìjọba. Bẹ́ẹ̀ kò sí orílẹ̀-èdè láyé tó ń gbin ẹ̀wà wa yìí tó Nàìjíríà. Ó ń fún ara lókun, ó sì ń dá oúnjẹ padà fún ilẹ̀ tó hù sí. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia gbé àkàrà dání lọ, wọ́n ń tà á níbẹ̀ títí dòní lórúkọ acarajé, ìjọba Bràsíl sì ti ka iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń dín in mọ́ ogún orílẹ̀-èdè wọn. Bí a bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn oúnjẹ láti Bràsíl, èyí náà wà níbẹ̀. Kí ẹ̀wà, wàrà sóyà àti ẹyin wọ inú oúnjẹ tí ẹ ń fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní iye tó nítumọ̀, àìní ẹran á dín kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wàásù.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju agbára yín lọ. Ẹ má fi hẹ́kítà kan sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ẹran kankan kí ìwé àdéhùn rẹ̀ tó wà níbi tí aráàlú ti lè kà á. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti wà láti 2011, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti sọ ní 2025 pé ó de ìpínlẹ̀ náà. Òfin tó ní ká yẹ ipa iṣẹ́ lórí àyíká wò ti wà láti 1992, ó sì fún aráàlú láyè láti sọ tẹnu wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí iṣẹ́ ńlá. Ẹ má jẹ́ kó di ìwé tí wọ́n ń kọ lẹ́yìn tí katakata ti dé. Kí ilé aṣòfin yín kọ òfin ìtọ́jú ẹran tuntun dípò ti àádọ́ta náírà yẹn: kí wọ́n má kọ́ kéèjì onírin tuntun mọ́, kí oògùn apakòkòrò gba ọwọ́ dókítà ẹran, kí ìrìn àjò ẹran ní òdiwọ̀n, kí odò ẹran ní ògiri àti ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Ẹni tó ń sin ẹgbẹ̀rún adìẹ yóò nílò àkókò àti owó ìrànlọ́wọ́ kó tó lè ṣe é. Ẹni tó ní bílíọ̀nù dọ́là kò nílò rẹ̀, kí òfin mú un láti ọjọ́ kìíní.

Ẹ pe ìpàdé gbangba kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní ibi tí iṣẹ́ náà ti ń lọ: Ìsẹ́yìn, Ọ̀tà, Agége, ibikíbi tó bá yẹ. Kí alápatà wà níbẹ̀, kí ẹlẹ́dìẹ wà níbẹ̀, kí Fúlàní tó ti pẹ́ láàárín wa wà níbẹ̀, kí dókítà ẹran wà níbẹ̀ láìsí pé ọ̀gá rẹ̀ ń wò ó lójú. Bí JBS bá fẹ́ rán aṣojú, a ó fún un ní àga, a ó sì bi í léèrè nípa oko kìíní.

Gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, gbangba náà ni mo ti ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀kan nínú àwọn aráàlú yín